Bí a ṣe lè mú kí orúkọ àti nọ́ńbà inú Gmail, Yahoo àti Outlook máa bá ara wọn mu

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ń ṣe akọ̀wé fún ní Àkúrẹ́ wá bá mi nílé, ó jókòó, ó sì bi mí pé, "Akọ̀wé, ṣé ẹ ti yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹgbẹ́ ni?" A ti ṣe ìpàdé ọdọọdún, a ti pín èlé, màmá kò sì gbọ́ nǹkan kan. Mo ní mo fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí wọn lórí ímeèlì. Wọ́n ní àwọn kò rí i. Nígbà tí a jọ wo kọ̀ǹpútà, ibi mẹ́ta ni mo ti bá orúkọ wọn. Àdírẹ́sì Yahoo tí wọ́n ń lò láti ayé káfẹ́ wà nínú Yahoo mi, àdírẹ́sì Gmail tí ọmọ wọn ṣí fún wọn wà nínú Gmail mi, nọ́ńbà tuntun wọn sì wà lórí fóònù mi nìkan. Àdírẹ́sì àtijọ́ tí wọn kò ṣí mọ́ ni mo fi ìwé ìpè náà ránṣẹ́ sí. Ẹ̀bi mi ni, mo sì tọrọ àforíjì. Àtìgbà náà ni mo ti fara balẹ̀ kọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé síbí yìí.

Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ nínú bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí bẹ́ẹ̀. Hotmail bẹ̀rẹ̀ ní 1996, Yahoo Mail sì tẹ̀ lé e ní 1997, nítorí náà ọ̀kan nínú méjèèjì ni ẹni tó bá ti ń sanwó wákàtí ní káfẹ́ nígbà náà lọ́hùn-ún kọ́kọ́ ṣí. Fóònù GSM wọ Nàìjíríà ní 2001, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó nọ́ńbà sórí síìmù. Gmail jáde ní 2004, nígbà tí fóònù Android sì gbòde, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí bí a ṣe lè lò ó kí a má ṣí Gmail. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń lo Microsoft tún ní Outlook tirẹ̀ níbẹ̀. A kó láti ilé kan dé ilé kejì dé ilé kẹta, a kò sì kó ẹrù tán nínú èyíkéyìí.

Ohun mẹ́ta tí àwọn ènìyàn ń kà sí ẹyọ kan

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí a ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀, torí pé àṣìṣe tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ìdàpọ̀ àwọn mẹ́ta yìí ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀.

Èkíní ni kí orúkọ jáde pọ̀ lójú kan. Bí ẹ bá fi àkáǹtì Gmail, Yahoo àti Outlook sí orí fóònù kan ṣoṣo, gbogbo orúkọ yóò tò tẹ̀ lé ara wọn láti A dé Z, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ńṣe ló dà bí obìnrin mẹ́ta tó pa àtẹ sábẹ́ ìborùn kan ní Ọjà Ọba: oníbàárà ń wo ọjà gbogbo wọn pọ̀, ṣùgbọ́n àpò owó kálukú wà ní ìdí tirẹ̀. Fóònù tilẹ̀ lè so orúkọ méjì tó jọra pọ̀ kí ó fi wọ́n hàn bí ẹyọ kan, síbẹ̀ nínú àkáǹtì, méjì ni wọ́n. Ẹ tún nọ́ńbà ṣe nínú ọ̀kan, èkejì kò gbọ́.

Èkejì ni àdàkọ. Ẹ ní kí Yahoo kó gbogbo orúkọ yín sínú fáìlì kan, ẹ sì gbé fáìlì náà lọ sínú Gmail. Bí orúkọ ṣe rí lọ́jọ́ náà ni fáìlì mú. Bí ẹnìkan bá pààrọ̀ nọ́ńbà lọ́jọ́ kejì, fáìlì kò mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí fóònù ń pè ní sync gan-an, pé kí àtúnṣe tí a ṣe níbì kan máa dé ibòmíràn fúnra rẹ̀, láì jẹ́ pé a tún gbé fáìlì kankan. Ìlànà kan wà tó ń jẹ́ CardDAV, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, tí Google, Yahoo àti iCloud ti Apple ń lò fún iṣẹ́ yìí; Microsoft ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ Exchange ActiveSync. Ohun tó yẹ kí ẹ kíyè sí ni pé àwọn ìlànà wọ̀nyí ń so àkáǹtì kan mọ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ń lò ó. Wọn kì í so àkáǹtì kan mọ́ àkáǹtì mìíràn. Kò sí ibi kankan nínú Gmail tí ẹ ti lè tẹ bọ́tìnnì kan pé kí Yahoo máa ṣe bíi tirẹ̀, kò sì sí i nínú Yahoo.

Nítorí náà, ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni kí ẹ yan ìwé orúkọ kan ṣe olórí, kí fóònù àti kọ̀ǹpútà máa bá olórí náà nìkan sọ̀rọ̀, kí àwọn àkáǹtì yòókù sì máa gba àdàkọ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ààfin kan kì í gba ọba méjì. Ẹni tó bá ń kọ orúkọ tuntun sí Yahoo lónìí àti sí Outlook lọ́la, kò sí ọgbọ́n tí yóò dá tí wọn yóò fi bára mu.

Èwo ni kí ó ṣe olórí?

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú wa, Gmail ni mo máa ń sọ, torí pé Android ló pọ̀ lọ́wọ́ wa, iPhone náà sì ń bá a ṣe láìsí wàhálà. Ó ń gba kọ́ńtáàtì tó tó 25,000, èyí tó ju ohun tí ẹgbẹ́ wa yóò nílò láéláé lọ, ó sì ní ohun kan tí mo kà sí iyebíye: a lè dá gbogbo ìwé orúkọ padà sí bí ó ṣe rí ní ọjọ́ kan láàárín 30 ọjọ́ tó kọjá. Mo ti lò ó rí pẹ̀lú àyà jíjá, n óò sọ bó ṣe jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì kan ní Alágbàka ni ẹ wà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí Outlook sì ni ẹ ń ṣí níbẹ̀, ẹ fi Outlook ṣe olórí. Bí gbogbo ẹ̀rọ yín bá sì jẹ́ ti Apple, iCloud ni kí ẹ lò. Nínú àlàyé tó kù, Gmail ni n óò pè ní olórí.

Ẹ kọ́kọ́ mú àdàkọ gbogbo rẹ̀ pamọ́

Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe orí fóònù, torí pé ojú fóònù kéré fún un. Ẹ ṣí contacts.google.com, ẹ tẹ "Export", ẹ sì mú fáìlì méjì: ọ̀kan ní "Google CSV", èkejì ní "vCard", irú fáìlì méjì tí a máa ń kó orúkọ sí. Nínú Yahoo, ẹ ṣí "Contacts" nínú ojú ìwé ímeèlì yín, ẹ ó sì rí ibi tí a ti ń kó wọn jáde. Nínú Outlook, ẹ lọ sí "People", ẹ wá "Manage contacts", lẹ́yìn náà "Export contacts". CSV ni yóò fún yín.

Ẹ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ tó ní ibi tó ti wá àti ọjọ́ nínú, bí àpẹẹrẹ, "yahoo-2025-03-08", kí ẹ sì fi wọ́n sí àpótí kan tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn mọ́. Àdàkọ wọn mìíràn ni ẹ ó máa tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ kó fáìlì sórí fúláàṣì yín, ẹ pa á rẹ́ kúrò nínú "Downloads" àti nínú àpótí ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì jáde kúrò nínú àkáǹtì yín kí ẹ tó dìde. Nọ́ńbà gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀ ni ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹni tó kàn yẹn.

Nínú CSV àti vCard, vCard ló dára jù láti fi ṣe àdàkọ ìpamọ́, nítorí pé ó lè gbé àwòrán ara àti ọ̀pọ̀ nọ́ńbà fún ẹnìkan láìsí ìdàrúdàpọ̀. CSV ló dára nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí ohun tó wà nínú fáìlì, ìlà kan fún ènìyàn kan, kí ẹ sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni pańpẹ́ wà.

Ohun tí Excel máa ń ṣe sí nọ́ńbà wa àti sí orúkọ wa

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí hàn yín. Mo ní ẹnìkan nínú fáìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ ọ́. Mo kàn tẹ fáìlì CSV lẹ́ẹ̀mejì, Excel ṣí i, odo àkọ́kọ́ sì ti lọ: ó di 80, ó ku nọ́ńbà mẹ́wàá. Ẹlòmíràn, mo ti kọ tirẹ̀ dáadáa pẹ̀lú +234, ó sì di 2.34803E+12. Excel rò pé iye owó ni, ó sì kọ ọ́ ní ìkékúrú bí àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣe ń kọ iye ńlá. Bí ẹ bá pa á dé láì fi pamọ́, kò sí ewu. Bí ẹ bá tẹ "Save", ohun tí ẹ rí lójú yẹn ni yóò wọ inú fáìlì, nọ́ńbà tó kù lẹ́yìn rẹ̀ sì ti sọnù pátápátá, àfi inú àdàkọ tí ẹ kọ́kọ́ fi pamọ́.

Orúkọ wa tún ní ìyà tirẹ̀ tó ń jẹ. Ẹni tí mo kọ sí "Ọlá" jáde bíi "á»ŒlÃ¡", gbogbo orúkọ tó ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀ sì dà bí ẹni pé ọmọdé tẹ bọ́tìnnì ní ìtẹ̀kutẹ̀. Kì í ṣe pé fáìlì bàjẹ́. Ìlànà UTF-8 ni Google fi kọ ọ́, ìlànà tó mọ gbogbo lẹ́tà wa, ṣùgbọ́n Excel fi ìlànà àtijọ́ tí kò mọ "ọ" àti "ẹ" kà á.

Bí a ṣe ń yẹra fún méjèèjì nìyí. Ẹ má tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì láti ṣí i. Ẹ ṣí Excel fúnra rẹ̀ ní òfìfo, ẹ lọ sí "Data", ẹ yan "From Text/CSV", ẹ mú fáìlì yín. Níbi "File Origin", ẹ yan "65001: Unicode (UTF-8)", orúkọ yóò padà bọ̀ sípò lójú yín. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ "Transform Data", kí ẹ sì sọ fún un pé òpó nọ́ńbà fóònù jẹ́ "Text", kì í ṣe iye. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́, "CSV UTF-8" ni kí ẹ yàn nínú àwọn irú fáìlì tó tò síbẹ̀, kì í ṣe CSV lásán. Ẹni tí kò ní Excel lè lo Google Sheets. Níbẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń gbé fáìlì wọlé, ẹ yọ àmì kúrò níwájú ibi tó ti ń sọ pé òun yóò sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà.

Ọ̀rọ̀ àmì kò tíì tán. Lẹ́tà "ọ" tí ẹ ń rí, ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ lè gbà kọ ọ́: ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ti ní àmì nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ "o" lásán tí wọ́n fi àmì kún. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ó lè jẹ́ méjì, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè wá orúkọ kan tí ẹ dá lójú pé ó wà, kí fóònù sì sọ pé kò sí. Mo fẹ́ràn àmì ohùn, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó máa kọ orúkọ rẹ̀ láìsí i, ṣùgbọ́n nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́, mo fi àmì sí orúkọ gan-an, mo sì tún kọ ọ́ láìní àmì sí ibi orúkọ ìnagijẹ, níbi tí wọ́n kọ "Nickname" sí. Bí mo ṣe ń rí gbogbo wọn nígbà tí mo bá ń wá wọn nìyẹn.

Ní ti nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ lọ́nà kan. Ẹ yọ odo iwájú, ẹ fi +234 sí i, nọ́ńbà mẹ́wàá tó kù yóò tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá lọ sí òkè òkun, ẹ ó ṣì lè pè wọ́n láti ibẹ̀.

Kíkó wọn wọ ilé olórí

Ẹ má kó Yahoo àti Outlook wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ tún un ṣe títí tí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ tó mú èkejì. Nínú contacts.google.com, ẹ tẹ "Import", ẹ mú fáìlì, kí ẹ sì rántí pé 3,000 ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Google máa ń so àkọlé kan mọ́ gbogbo àwọn tó wọlé, àkọlé náà sì ní ọjọ́ tí wọ́n wọlé nínú, nítorí náà bí nǹkan bá dàrú, ẹ lè ṣí àkọlé yẹn, kí ẹ mú gbogbo wọn lápapọ̀, kí ẹ sì lé wọn jáde. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ẹ ń gbé fáìlì wọlé, ẹ má yára tún un gbé. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó ti wọlé, kí ẹ má baà ní ènìyàn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí "Merge & fix". Ibẹ̀ ni Google ti ń fi àwọn tó fura sí pé wọ́n jẹ́ ẹnìkan náà hàn yín. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ kí ẹ da gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí àwa ṣe ń fi orúkọ pamọ́ sórí fóònù kò rí bíi ti àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Mo ní Ìyá Ìbejì méjì: ọ̀kan ń ta aṣọ ní Arákálẹ̀, èkejì ń gbé ní Ìjàpò, wọn kò sì mọ ara wọn rí. Mo ní Bàbá Kòkó Ìdànrè àti Bàbá Kòkó Òǹdó, Káfíńtà àti Káfíńtà Tuntun. Ní ti ímeèlì, ọ̀rọ̀ tilẹ̀ tún le sí i, torí pé ọ̀pọ̀ àgbà nínú ẹgbẹ́ wa ló ń lo àdírẹ́sì ọmọ wọn. Bàbá kan ní oko kòkó ní ọ̀nà Ìdànrè, ọmọ rẹ̀ wà ní yunifásítì FUTA, àdírẹ́sì kan náà ni àwọn méjèèjì fi sílẹ̀ fún wa, ọmọ náà sì ní ìwé ìfowópamọ́ tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀rọ yóò sọ pé ẹnìkan ni wọ́n. Bí mo bá gbà, orúkọ ọ̀kan yóò sọnù sínú ti èkejì, ìwé ìpè kan ni yóò sì lọ dípò méjì. Nítorí náà, ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì da èyí tí ó dá yín lójú nìkan pọ̀. Fún àwọn tó ń pín àdírẹ́sì, mo kọ ọ́ sí ibi "Notes" pé "ímeèlì ọmọ wọn ni".

Ibi kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í wò, òun ni "Other contacts". Àwọn tí ẹ ti kọ ímeèlì sí rí láì fi orúkọ wọn pamọ́ ni Google ń kó síbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń tẹ lẹ́tà, àdírẹ́sì wọn máa ń jáde, ẹ ó sì gbà pé wọ́n ti wà nínú ìwé orúkọ yín, ṣùgbọ́n wọn kì í dé orí fóònù. Ẹni tó bá ṣe pàtàkì nínú wọn, ẹ fi kún kọ́ńtáàtì gan-an.

Fóònù

Orí fóònù Android, ẹ lọ sí "Settings", lẹ́yìn náà ibi àkáǹtì, ẹ mú àkáǹtì Google yín, kí ẹ rí i pé "Contacts" wà ní títàn. Yahoo àti Outlook lè wà lórí fóònù fún lẹ́tà, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ pa "Contacts" wọn. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ibi tí orúkọ wà, ẹ wo ètò rẹ̀, kí ẹ sì yan àkáǹtì Google bí ibi tí orúkọ tuntun yóò máa wọ̀. Ìgbésẹ̀ kékeré yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lórí fóònù, nítorí bí ẹ kò bá yàn án, orúkọ tuntun lè máa wọ inú fóònù lásán tàbí orí síìmù. Síìmù kì í sábà gba ju orúkọ àti nọ́ńbà lọ, kò ní àyè fún ímeèlì, ọjọ́ tí fóònù bá sì bọ́ sọ́wọ́ olè ní gáréèjì, síìmù bá a lọ nìyẹn. Nínú ohun èlò "Contacts" ti Google ni ẹ ti máa rí ibi tí a ti ń kó orúkọ kúrò lórí síìmù wọ inú àkáǹtì.

Lórí iPhone, ẹ fi àkáǹtì Gmail kún un, ẹ tan "Contacts" rẹ̀, kí ẹ sì wá "Default Account" nínú ètò Contacts, kí ẹ fi sí Gmail. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń lo Thunderbird, ohun èlò ímeèlì kan, lè fi ìwé orúkọ Google kún un, yóò sì máa bá a dọ́gba fúnra rẹ̀. Outlook àtijọ́ ti orí Windows, tí wọ́n ń pè ní "classic", kò gbọ́ èdè CardDAV, nítorí náà àdàkọ ni yóò máa gbà.

Kí ẹ má kàn gbà pé ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ kan sórí fóònù, "Àdánwò Kìíní", pẹ̀lú nọ́ńbà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Tí ó bá ti dé, ẹ sọ ọ́ di "Àdánwò Kejì" lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo fóònù. Bí ó bá lọ tí kò bọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ṣì wà ní pípa.

Àwọn tó ń tẹ̀ lé olórí

Báyìí ni ẹ ó ṣe máa fún Yahoo àti Outlook ní tiwọn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ kó Gmail jáde: "vCard" tàbí CSV fún Yahoo, "Outlook CSV" fún Outlook. Ẹ wọ inú Yahoo, ẹ mú àdàkọ ìpamọ́ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ pa gbogbo orúkọ ibẹ̀ rẹ́, lẹ́yìn náà ẹ gbé tuntun wọlé. Bákan náà ni fún Outlook. Pípa rẹ́ yìí ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé tuntun lé àtijọ́ lórí, oṣù mẹ́ta kò ní pé tí ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò fi ní orúkọ mẹ́ta. Ẹ má gbọ́kàn lé e pé ìsọ̀rí tí ẹ pín orúkọ sí, bíi "Ìgbìmọ̀" tàbí "Àwọn ayáwó", yóò bá fáìlì lọ láìyẹsẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Inú Gmail ni mo ti ń tọ́jú ìsọ̀rí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ lẹ́tà sí wọn.

Bí ẹ bá rí i pé ẹ kì í kọ lẹ́tà láti Yahoo mọ́, ẹ kò nílò àdàkọ oṣooṣù yìí níbẹ̀. Ẹ ṣáà máa wọlé sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Yahoo lè pa ohun tó wà nínú àpótí ẹni tí kò wọlé fún oṣù 12 rẹ́, Google àti Microsoft sì fi ti àkáǹtì tí a kò lò sí ọdún 2.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń gba owó láti máa so Gmail, Outlook àti àwọn mìíràn pọ̀ tààrà, kí àtúnṣe máa lọ kí ó máa bọ̀. Wọ́n wúlò fún ọ́fíìsì ńlá. Fún ẹgbẹ́ bíi tiwa, n kò rí ìdí rẹ̀, nítorí pé kí ó tó lè ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ gbà kí ilé iṣẹ́ náà máa ka gbogbo ìwé orúkọ yín, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ sì kì í ṣe tiwa láti fi tọrọ. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, kò fojú kékeré wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti fún irú wọn láàyè rí, ẹ lọ sínú ètò àkáǹtì Google yín, ibi ààbò, ẹ wo àwọn tó lè wọ inú àkáǹtì yín, kí ẹ sì yọ èyí tí ẹ kò mọ̀ mọ́.

Bí nǹkan bá bàjẹ́

Àyà jíjá tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan nìyí. Mo wà nínú mọ́tò láti Ọ̀wọ̀, mo ń pa orúkọ tí mo rò pé ó jẹ́ àpọ̀jù rẹ́ lórí fóònù, mo sì gbà pé orí fóònù nìkan ni ọ̀rọ̀ náà mọ. N kò rántí pé sync ń gbé ìparẹ́ lọ bí ó ṣe ń gbé àfikún lọ. Kí n tó dé Àkúrẹ́, àwọn orúkọ náà ti kúrò nínú Gmail àti lórí kọ̀ǹpútà ilé, tó fi mọ́ gbogbo ìgbìmọ̀ ìṣúná. Ohun tó gbà mí ni "Undo changes", tó wà nínú ètò contacts.google.com lábẹ́ àmì jíà. Ó bi mí pé ṣé kí òun dá a padà sí bí ó ṣe rí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, wákàtí kan, àná, tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Mo yan àná, gbogbo wọn sì padà. Ẹ fi sọ́kàn pé ohun gbogbo tí ẹ kọ lẹ́yìn àkókò tí ẹ bá yàn yóò lọ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ mú àdàkọ bí ó ṣe wà lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan tàbí méjì péré ni ẹ pa rẹ́, ẹ má dá gbogbo ìwé padà nítorí wọn. Inú "Trash" ni wọ́n wà fún 30 ọjọ́, ẹ lè mú wọn jáde láti ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà, ẹ wá "Àdánwò Kejì", kí ẹ sì pa á rẹ́. Tèmi ṣì wà níbẹ̀ nígbà ìpàdé tó kọjá, ẹgbẹ́ sì fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí i.